Etí Kan Nínú Ìkùukùu

Bí ènìyàn bá ti òkè òkun dé, ohun tó rí ni àwọn ará ilé máa ń bi í. Wọ́n á ní ṣé lóòótọ́ ni ilé wọn ga tó bẹ́ẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni kò sí eruku nígboro wọn. Èmi Múfútáù, ọmọ Igbein, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìkùukùu ló bo ìlú náà, ọjọ́ tí oòrùn bá sì yọ, inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni mo máa ń wà. Ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ sọ. Kí ẹ tó ní kí ló wà nínú ohùn tí ènìyàn á tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Síkírátù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Rábí ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ ìyá mi ni, òun ló sì pọ̀n mí dàgbà. Òwò òkúta ló ń ṣe: á ra òkúta wẹ́wẹ́ níbi ìfọ́kúta kan lápá Alábàtà, á sì tà á fún àwọn tó ń kọ́lé. Lọ́dún wọ̀nyẹn, ta ni kò kọ́lé? Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí owó páànù á ti wá pàápàá ti ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Níbi ìfọ́kúta yẹn náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú iná mànàmáná, èmi náà ni mò ń tẹ fèrè ńlá tí wọ́n máa ń fọn kí wọ́n tó fi ẹ̀tù fọ́ àpáta.

Lọ́jọ́ kan mo tẹ fèrè náà bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Àpáta ilẹ̀ wa kì í gba ohùn lálejò. Bí ohùn bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan, á jù ú sí èkejì, èkejì náà á jù ú padà. Gbogbo ènìyàn gbọ́ fèrè, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń wá. Ìyá Rábí sáré. Ibi tó yẹ kó sá kúrò gan-an ló sá lọ. Òkúta kankan kò bà á, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìró ẹ̀tù wọ etí òsì rẹ̀, etí náà sì kú láti ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó ní etí kan ń gbọ́ràn o. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá ni kò mọ̀. Bí típà bá ń fi ẹ̀yìn rìn, tí dírẹ́bà tẹ họ́ọ̀nù, apá ọ̀tún ni Ìyá Rábí máa ń gbọ́ ọ, ibi yòówù kí típà wà, á sì yà sí òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni típà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, táyà gun etí ìró ìdí rẹ̀, ó sì fà á ya. Gbogbo ilé bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òwò náà sílẹ̀. Ó ní ọmọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀, òkúta ló sì ń bọ́ wọn. Èmi kò lè bẹ̀ ẹ́ bí àwọn yòókù ṣe bẹ̀ ẹ́, nítorí ọwọ́ mi ló tẹ fèrè ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́bi rí. Èmi ni mò ń dá ara mi lẹ́bi.

Nígbà tí ọ̀gá wa wá sọ pé àwọn fẹ́ rán ẹnì kan lọ fún oṣù mẹ́fà sí ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń wá ohùn ìkìlọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ ibi tó wà, á sì mọ irú ewu tó ń bọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un níta gbangba, lójú àwọn tí mo jù lọ. Mo ní bí n kò bá mú ohùn tí ẹ̀gbọ́n mi lè mọ̀ bọ̀, kí wọ́n má gbà mí síṣẹ́ mọ́.

Ìlú inú òwú

Ọ̀sán ni mo dé, mo ṣe bí ìrọ̀lẹ́ ni. Ìkùukùu ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó máa ń jókòó sórí odò Ògùn láàárọ̀, tí yóò sì lọ bí oòrùn bá ti yọjú. Tiwọn a máa wọlé, a máa bá ènìyàn gun àtẹ̀gùn. Ilé wà níwájú yín, ẹ kò rí i. Ọkọ̀ ń kọjá, iná rẹ̀ nìkan lẹ ń rí. Mo rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lójú àlá, tí ẹsẹ̀ ń kan ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọkàn kò gbà pé ilẹ̀ ni. Nígbà mìíràn mo máa ń na ọwọ́ síwájú, kí n wò ó bóyá mo ṣì wà.

Ilé opó kan ni mo wọ̀ sí, Mísìsì Hẹ́sítà. Apẹja ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé àpótí mi wọlé ni mo gbọ́ ohùn kan níta tó gùn, tó wúwo, tó ń kérora. Mísìsì Hẹ́sítà sọ fún mi pé fèrè tí wọ́n ń fọn fún àwọn ọkọ̀ ojú omi ni, kí wọ́n má baà forí sọ òkúta etíkun. Mo bi í pé apá ibo ló wà. Kò gbójú sókè, ó fi ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka. Mo tẹ́tí títí. Ní tèmi, ohùn náà ń ti òrùlé bọ̀, ó sì ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀. Mo bi í pé báwo ni etí rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní etí kọ́, òun ti mọ ibi tí fèrè náà wà láti kékeré.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà títí oorun fi gbé mi lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni fèrè lè tọ́ sọ́nà, àlejò wá ńkọ́? Irú fèrè tèmi náà nìyẹn.

Ìkíni ló kọ́kọ́ fìyà jẹ mí níbẹ̀. Àwa tí a ní ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, tí ẹni tó kàn fara ti ògiri pàápàá ní ìkíni tirẹ̀! Àwọn á pàdé yín lórí àtẹ̀gùn, wọn á wo ilẹ̀. Mo dá ìkíni ìkùukùu sílẹ̀ fúnra mi, mo sì kọ́ Mísìsì Hẹ́sítà. Láràárọ̀ ló máa ń sọ fún mi pé “ẹ kú ìkùukùu”, bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé aláìmọ̀wàáhù ni wọ́n. Ọkùnrin kan wà tí a jọ máa ń dúró de ọkọ̀ láàárọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òtútù dè mí mọ́lé lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo padà dé ibùdókọ̀, ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá ara mi ti le. Ẹni tí mo rò pé kò rí mi rárá ti ń fi ojú wá mi.

Oúnjẹ wọn kò ní ata, kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mísìsì Hẹ́sítà din ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún mi. Mo ní ẹ̀sìn mi kò gbà á. Ó gbé e kúrò kíákíá, ó ń tọrọ àforíjì bí ẹni tó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó sì fi ẹyin rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹyin láàárọ̀, ẹyin lálẹ́. Ẹyin tí mo jẹ lóṣù mẹ́fà yẹn, àwọn adìẹ ìlú náà á ti máa fi orúkọ mi dẹ́rù ba ara wọn.

Orí tí kò lára

Dókítà Rólándì ni ọ̀gá wa nílé ẹ̀kọ́ náà, ọkùnrin gíga, tín-ín-rín, tí kì í gbóhùn sókè. Yàrá tí wọ́n ti ń dán ohùn wò, fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀, wọ́n fi bo àjà, wọ́n tún fi bo abẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lára ènìyàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣàn, mo ní kí wọ́n wo omi tó ń jò. Ẹ̀jẹ̀ mi ni.

Wọ́n ní orí kan níbẹ̀ tí kò lára, orí ènìyàn tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí wọ́n fi máíkì kékeré sínú etí rẹ̀ méjèèjì. Ohun tí orí yẹn bá gbọ́ ní yàrá kejì, bí wọ́n bá fi ìbotí tí wọ́n so mọ́ ọn bò yín létí, ẹ̀yin náà á gbọ́ ọ bí ẹni pé orí tiyín ni. Dókítà rìn yí orí rọ́bà ká, mo sì gbọ́ ọ tó ń rìn yí mi ká. Ó ṣá ìṣáná, mo gbọ́ ọ lẹ́bàá ọrùn mi. Mo yíjú, kò sẹ́nì kankan. Aúsùbíláì ni mo kà, kí Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ èṣù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó yá. Wọ́n gbé orí náà lọ sí etíkun, mo sì jókòó nínú yàrá aláìní-fèrèsé, òkun ń wá, òkun ń lọ, ẹyẹ ń kọjá lórí mi láti òsì sí ọ̀tún, n kò sì mọ̀ mọ́ bóyá èmi ni mo wà níbí ni àbí orí yẹn.

Iṣẹ́ wa ni pé wọ́n á fi aṣọ dì mí lójú, wọ́n á mú ohùn dún, èmi á fi ọ̀pá tọ́ka síbi tó wà, màá sì sọ irú ewu tó jẹ́. Etí mi dára, n kò níí purọ́. Ní Igbein, àwọn tí rédíò wọn bàjẹ́ máa ń pè mí kí n wá fetí wo ohun tó ń ṣe é. Dókítà tètè gbára lé etí mi.

Ohùn tí kò ní olóhùn

Èrò Dókítà ni pé kò sí ìkìlọ̀ tó dára tó ohùn ènìyàn. Họ́ọ̀nù kò lè sọ pé típà ni òun, ṣùgbọ́n ènìyàn lè sọ ọ́. Ọdún méjì ló ti fi ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa pe ènìyàn láti ibi tí ewu wà. Ó ní kí n kọ ìkìlọ̀ náà sílẹ̀ ní Yorùbá, obìnrin ará Ìbàdàn kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ sì bá wa kà á sínú ẹ̀rọ.

Wọ́n dì mí lójú. Láti ẹ̀yìn mi, ohùn obìnrin kan pe orúkọ mi pé, “Múfútáù, yà o, ó ń bọ̀ lẹ́yìn.” Ọrùn mi le gan-an. Ìyá wa ti kì wá nílọ̀ láti kékeré pé bí a bá gbọ́ orúkọ wa tí a kò rí ẹni tó pè wá, a kò gbọdọ̀ dáhùn, a kò sì gbọdọ̀ yíjú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, èmi ni mo so wáyà rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pá kò gbéra lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí láti sọ ọ́ fún àwọn òyìnbó. Nígbà tí wọ́n fún mi níwèé, mo kọ ọ́ pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n pè mí, ẹ̀ẹ̀meje ni mo kọ irọ́.

Dókítà mú mi lọ yẹ etí wò. Wọ́n ní etí mi kò ní nǹkan kan. Ó wá fi sùúrù sọ fún mi pé bóyá ó rẹ̀ mí ni, pé kí n máa so wáyà nìkan, kí n fi ìdánwò sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn mìíràn ni yóò yan ohùn tí màá gbé lọ fún Ìyá Rábí, ohùn tí wọ́n á sì yàn kò níí dá a sí. N kò lè jẹ ẹyin mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mísìsì Hẹ́sítà jókòó tì mí, ó ní ohunkóhun tó wà nínú mi, kí n gbé e lọ fún ẹni tó ni ín.

Láàárọ̀, mo lọ bá Dókítà. Mo ní, “Irọ́ ni mo kọ, sà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.”

Ó bi mí pé kí ló wá dé tí n kò tọ́ka.

“Nílẹ̀ wa, a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé bí ẹ̀rọ òun bá pe ẹ̀gbọ́n mi láti ẹ̀yìn, kí ni yóò ṣe. Mo ní á dúró gbọn-in, á pa ẹnu mọ́, kò níí yíjú, títí ẹni tó pè é á fi yọ sí i.

Ó ní, “Títí típà á fi dé.”

Mo ní, “Títí típà á fi dé, sà.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló pa ohùn náà rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọdún méjì. Mo tọrọ àforíjì títí ó fi sú u. Ó ní ó sàn kí ohùn náà kú síbí ju kí ó pa ènìyàn lọ́hùn-ún.

Gbogbo ayé lápá ọ̀tún

Òwú àti ìda ni mo fi di etí òsì mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì gbé e rìn fún oṣù mẹ́ta, àfi bí mo bá fẹ́ ṣàlùwàlá. Dókítà kọ́ ló ní kí n ṣe é. Mo rí i pé bí n kò bá gbọ́ràn bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń gbọ́ ọ, mò ń tan ara mi ni.

Ayé fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀. Mísìsì Hẹ́sítà á pè mí láti ìdáná, màá lọ ṣílẹ̀kùn ìta. Kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kan mo rìn lọ sí etíkun nínú ìkùukùu. Mo kọjú sí òkun, òkun wà lápá ọ̀tún mi. Mo kẹ̀yìn sí i, ó ṣì wà lápá ọ̀tún. Mo yí, mo yí, títí n kò fi mọ apá ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Ọdún mẹ́rin ni Ìyá Rábí ti wà nínú ìkùukùu yìí, nínú oòrùn ilé wa.

Ohùn tí a dán wò pọ̀: aago, ìfé, fèrè tó tín-ín-rín àti èyí tó ki. N kò mọ ibi tí ọ̀kankan wà. Ní ọ̀sán kan, lẹ́yìn ìdánwò, ó ti rẹ̀ mí, mo ṣì jókòó pẹ̀lú aṣọ lójú nígbà tí mo gbọ́ ṣáá, ṣáá, ṣáá. Mo yí orí díẹ̀ sọ́tùn-ún, mo yí i díẹ̀ sósì, ọ̀pá mi sì dìde fúnra rẹ̀. Obìnrin kan bi mí pé ta ni mò ń nà án sí. Mo tú ojú mi. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ni, orí ìgbálẹ̀ rẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pá náà kọjú sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ gbálẹ̀ níbòmíràn, mo tún dijú. Ìgbà mẹ́wàá ló gbá a. Mo mọ ọ́n nígbà mẹ́jọ.

Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ohùn fèrè, ọ̀kan ṣoṣo ni, ó ń dán. Etí kò rí ibi dì í mú. Ohùn ìgbálẹ̀ kún fún oríṣiríṣi ohùn, èyí tó ki, èyí tó tín-ín-rín, gbogbo wọn ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Awẹ́ etí tó wà níta, tí ọ̀pọ̀ rò pé yẹtí nìkan ni wọ́n dá a fún, ló máa ń yí ohùn bẹ́ẹ̀ padà bí ibi tó ti wá bá ṣe rí. Bó bá sì ń dún léraléra, ẹni tó ní etí kan á ráyè yí orí rẹ̀ wá a. Àbí àwa ará ilé, ṣé a kì í mọ̀ láti orí ẹní ẹni tó ń gbá àgbàlá rẹ̀ láàárọ̀?

Ohun tí a ṣe nìyẹn. Ohùn gbígbá, ṣáá, ṣáá, fún típà tó ń fi ẹ̀yìn rìn. Fún ẹ̀tù, ohùn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹta, tí yóò máa yá sí i bí àkókò bá ṣe ń tó.

Alábàtà

Inú ọyẹ́ ni mo padà dé. Nǹkan gbogbo ní ibi tó wà: àpáta wà níbi àpáta, oòrùn pupa lójú eruku. Ará ilé kún yàrá wa ní Igbein, gbogbo wọn ń bi mí ohun tí mo rí. Ìyá Rábí kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wo ojú mi, ó ní mo ti rù.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ibi ìfọ́kúta, nínú àpótí pákó kan tí mo lè gbé kọ́ apá. Mo ní kí Ìyá Rábí jẹ́ kí n dì í lójú, ó ní ṣé mo fẹ́ sọ òun di ẹni tí gbogbo dírẹ́bà á máa wò bí eégún ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rí i pé n kò níí ṣíwọ́ ẹ̀bẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì fi di ara rẹ̀ lójú. Gbogbo típà paná.

Mo bọ́ bàtà, mo rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ tẹ họ́ọ̀nù kan tí mo mú dání. Ó tọ́ka sí apá ọ̀tún, síbi tí kò sí ẹnì kan. Mo wá tan ẹ̀rọ. Ṣáá, ṣáá. Kò ṣe nǹkan kan. Mo ní ó ti tán, mo ti fi oṣù mẹ́fà jẹ ẹyin lásán. Nígbà náà ló yí orí rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, ó tún un yí, ó sì na ìka sí àyà mi.

Mo lọ sí òsì rẹ̀, níbi etí tó kú. Ó wá mi, ó rí mi. Mo lọ síwájú, mo padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣìnà, ó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ìyá Rábí tú ìborùn kúrò lójú, kò wo ẹnì kankan nínú wọn.

Ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ bí mo ṣe ń gbọ́ràn?”

Mo ní, “Mo di etí òsì mi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé e rìn, kí n lè mọ bó ṣe rí lára yín.”

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Èmi ti ń gbé tèmi rìn láti ọdún mẹ́rin, Múfútáù. O ò bi mí rí.”

Mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, mo jókòó lórí òkúta lápá ọ̀tún rẹ̀, mo sì bi í.